Ìyá Aláta Kówó Àjọ Ra Kọ̀ǹpútà, Ni Ọmọ Bá Ní Kì Í Ṣe Irú Èyí!

Owó àjọ kì í ṣe owó àṣèjẹ. Ẹni tó bá ti dúró nínú ẹrẹ̀ Mile 12 rí láti aago márùn-ún ìdájọ́ òru, tó ń ṣa tòmátò tó ti rà kúrò lára èyí tó dáa, ó mọ ohun tí ₦450,000 jẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìyá aláta kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi di ohun tí wọ́n ń sọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ láàárín àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú lópin ọdún 2025. Àwọn kan ń fi rẹ́rìn-ín, àwọn kan sì ń fi ọ̀wọ́ kan ọmú pé ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run tí kì í ṣe owó tàwọn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọmọ yìí ti lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá atẹ̀wé kan ní Ṣómólú, níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń ké tọ̀sán-tòru. Iṣẹ́ tó kọ́ ni kó máa fi kọ̀ǹpútà ṣe káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà, báánà òkú, jọ́tà tí wọ́n ń pín lóde ìnáwó, àti bébà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ike. Ó ku oṣù méjì kó ṣe fíríìdọ̀mù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ náà mọ̀ pé ọjọ́ fíríìdọ̀mù kì í dùn tán bí ọmọ bá gbàwé tí kò ní irinṣẹ́. Télọ̀ á ní maṣíìnì, onídìrí á ní dráyà. Ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ńkọ́? Ìyá ọmọ náà ló fẹnu ara ẹ̀ sọ pé, "Tí àjọ yìí bá ti kàn mí, kọ̀ǹpútà rẹ ni màá fi rà." Àjọ sì kàn án.

Ó wá bi ọmọ pé irú wo ló ń fẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti gbéra. Ọmọ fa fóònù yọ, ó fi àwòrán láptọ́ọ̀pù kan hàn án, dúdú ṣẹ́ńṣẹ́ń, iná pupa ń tàn lábẹ́ àwọn bọ́tìnì rẹ̀ bí ẹyin iná onísùyà lálẹ́. Ó ní, "Mọ́mì, èyí ni. Káàdì gíráfíìkì wà nínú ẹ̀." Ìyá ní èló? Ọmọ ní ₦950,000 ni tòkunbọ̀ ẹ̀.

Ìyá ò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó kàn ń wò ó. Nígbà tó yá ló wá ní, "Ṣé inú ẹ̀ lèèyàn á máa sùn ni?"

Ohun tí ọmọ náà ò sọ lọ́jọ́ yẹn ni pé kì í ṣe káàdì ìgbéyàwó nìkan ló wà lọ́kàn òun. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí FIFA kí wọ́n tó yí orúkọ ẹ̀ padà sí EA Sports FC ní ọdún 2023, ló máa ń lọ gbá ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kan nítòsí ilé wọn, wọ́n sì ń gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tó bá gbá a. Ó rò ó pé bí òun bá ní tòun, owó yẹn ò ní máa jáde mọ́. Èrò burúkú kọ́ o. Àgbàlagbà tó ń ta ayò lábẹ́ igi, ta ló ń bú u? Ibi tí ọmọ ti ṣe é tì ni pé ó di eré mọ́ iṣẹ́ nínú ẹrù kan náà, ó gbé e lé ìyá ẹ̀ lórí, kò sì jẹ́ kí ìyá mọ èwo ni èwo.

Ìyá wá ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá ń ṣe. Ó dá lọ. Ó mú ọmọkùnrin àdúgbò kan tó ń ta káàdì fóònù dání, nítorí wọ́n ní "ó mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà", ó di Ìkẹjà, ó di Computer Village.

Ẹni tí kò bá tíì débẹ̀ rí, kó má fi ojú ọjà aṣọ wò ó. Òpópónà Ọ̀tígbà àtàwọn òpópónà tó yí i ká, ilé gbígbé ni wọ́n tẹ́lẹ̀, kí àwọn oníkọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onílé níparí àwọn ọdún 1990. Ní báyìí, èèyàn ò ráyè fẹsẹ̀ lé. Ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ tí wọ́n á ti fà yín lọ́wọ́: "Mọ́mì, kí lẹ fẹ́? Ẹ máa bọ̀ níbí! Láptọ́ọ̀pù UK wà!" Bí ìyá ṣe ní òun fẹ́ èyí tó lágbára, ọmọkùnrin kan ní, "Mọ́mì, i7 ni kẹ́ ẹ gbà. i3 kéré, i5 wà láàárín, i7 ni bàbá wọn." Ó gbé e síta, ó fi aṣọ nù ún, ó ń dán. Core i7 wà lára ẹ̀ gàdàgbà lórí sítíkà. Ó pè é ní ₦240,000. Ìyá ná an títí ó fi dé ₦180,000. Inú ẹ̀ dùn dọ́ba. Ọlọ́jà ló mọ bí ara ṣe ń yá èèyàn tó bí a bá ná ọjà wálẹ̀ báyẹn.

Ilé ni àṣírí ti tú. Wọ́n tẹ bọ́tìnì, kọ̀ǹpútà ń yí, ó ń yí. Ìyá wọ ilé ìdáná, ó gbé omi ẹ̀bà kaná. Omi hó kí kọ̀ǹpútà tó lajú. Ọmọ ṣí CorelDRAW, ó ṣí báánà òkú kan tí fọ́tò mẹ́rin wà nínú ẹ̀, kọ̀ǹpútà bá dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n bi léèrè gbèsè.

"Mọ́mì, wọ́n ti rẹ́ yín jẹ."

"Rẹ́ ta jẹ? Ṣé kì í ṣe i7 ló wà lára ẹ̀ ni? Ṣé ojú mi ló fọ́?"

Ojú ìyá ò fọ́. i7 ni lóòótọ́. Ọmọ Ìkẹjà ò purọ́ kankan, ohun tó sì ń dun ìyá jù nìyẹn nígbà tí ọ̀gá atẹ̀wé là á yé e lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀gá náà fún un ní àga, ó ní, "Ìyá wa, ẹ má bínú. i7 yẹn, bí ìgbà téèyàn ń pe orúkọ ọkọ̀ ni. Bẹ́ńsì ni Bẹ́ńsì ń jẹ́, àmọ́ ọdún wo ni wọ́n ṣe é?" Ó yí kọ̀ǹpútà síhà ọ̀dọ̀ ìyá, ó fi nọ́ńbà kan hàn án: i7-2620M. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé ìlà kékeré yẹn ni ọjọ́ orí ẹ̀. 2 ló fi bẹ̀rẹ̀, ìran kejì nìyẹn, ọdún 2011 ni irú ẹ̀ jáde. Ọpọlọ méjì péré ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀gá wá nawọ́ sí kọ̀ǹpútà tiẹ̀ tó wà lórí tábìlì, tí eruku ti bò: i5-8500. Ìran kẹjọ, ọdún 2018, ọpọlọ mẹ́fà. "Ìyá wa, i5 lásán ni tèmi o. Ṣùgbọ́n ó fi ọdún méje kéré sí tiyín lọ́jọ́ orí."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ibí yìí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Bí nọ́ńbà yẹn bá fi 4 bẹ̀rẹ̀, ìran kẹrin ni. Bó bá jẹ́ 8, ìran kẹjọ. Bó bá jẹ́ 10, 11, 12 tàbí 13 ló ṣáájú, ìran kẹwàá, ìkọkànlá, ìkejìlá àti ìkẹtàlá nìyẹn. Ìran kẹjọ sókè ni kẹ́ ẹ máa wá. Kì í ṣe fún ìyára nìkan. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún Windows 10 dúró, ìyẹn ni pé àtúnṣe tó ń lé olè kúrò lára kọ̀ǹpútà ò ní máa wọlé fún un bíi ti tẹ́lẹ̀. Windows 11 tó sì rọ́pò ẹ̀ kì í fẹ́ gba èyí tí kò tó ìran kẹjọ nínú àwọn Intel, àfi díẹ̀ báyìí. Àwọn kan nínú ọjà máa ń fi tipátipá gbé e wọ̀ ọ́, á sì máa ṣiṣẹ́ lójú yín níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa gbé e délé.

Láti ìparí ọdún 2023 ni Intel ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́tà "i" yẹn kúrò lára àwọn tuntun, wọ́n ń pè wọ́n ní Core Ultra 5, Core Ultra 7. Èyí ò kan ẹni tó ń ra tòkunbọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ryzen, tí ilé iṣẹ́ AMD ń ṣe, náà wà, ó sì dáa, ṣùgbọ́n ká má kó ẹ̀fọ́ méjì sínú ìkòkò kan.

Ìyá ní, "Ọ̀gá, ó ti yé mi. Ṣé ọjọ́ orí nìkan náà ni?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ni ó bá fi ọjà ṣàlàyé. Ó ní RAM ni pẹpẹ téèyàn ń pàtẹ ọjà lé. Bí pẹpẹ bá kéré, bó ti wù kí ọjà pọ̀ ní sítọ́ọ̀ tó, ìwọ̀nba lèèyàn lè gbé síwájú oníbàárà, á wá máa sáré wọ sítọ́ọ̀ lọ máa sáré bọ̀. Èyí tí ìyá rà, 4GB ni RAM ẹ̀. Fún ẹni tó ń tẹ lẹ́tà, tó ń ṣírò owó ọjà, tí ọmọ ẹ̀ ń fi kàwé fún JAMB, 8GB tó. Ẹni tó ń ṣe báánà ńláńlá, 16GB ni kó fojú sí. Sítọ́ọ̀ fúnra ẹ̀ sì pé oríṣi méjì. Ti àtijọ́, HDD, ó ní àwo tó ń yí nínú ẹ̀ bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, òun ló jẹ́ kí omi ẹ̀bà hó ṣáájú kọ̀ǹpútà. Ti ìsinsìnyí, SSD, kò ní ohunkóhun tó ń yí. Kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà díẹ̀ pàápàá, bí wọ́n bá pààrọ̀ HDD inú ẹ̀ sí SSD, ẹ óò rò pé òmíràn ni. Nítorí náà, ẹni tí kò lówó tuntun, tó ti ní ògbólógbòó nílé, kó kọ́kọ́ ṣe èyí kó tó lọ jẹ gbèsè.

Ó wá ku káàdì gíráfíìkì tó dá ìjà sílẹ̀. Ọmọ ń wolẹ̀.

Ọ̀gá ní ọmọ iṣẹ́ kan báyìí ni káàdì gíráfíìkì, tó jẹ́ pé àwòrán nìkan ló mọ̀ ọ́n yà. Nínú kọ̀ǹpútà tí kò ní in, ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ló ń yàwòrán, orí pẹpẹ RAM kan náà ló sì ń ṣe é sí. Bí àwòrán bá dúró sójú kan, bíi káàdì ìgbéyàwó, wàhálà ò sí. Àmọ́ bọ́ọ̀lù orí kọ̀ǹpútà, àwọn agbábọ́ọ̀lù méjìlélógún ló ń sáré, koríko ń mì, èrò ń pariwo, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa tún yà lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibẹ̀ ni ọmọ iṣẹ́ yẹn ti wúlò. EA Sports FC 24, fún àpẹẹrẹ, ó kéré tán 8GB RAM ló ń béèrè, pẹ̀lú káàdì bíi GTX 1050 Ti, àti àyè 100GB nínú sítọ́ọ̀. Ẹni tó ń gé fídíò ìnáwó náà máa ń jàǹfààní irú káàdì bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ má ṣe rò pé gbogbo ọmọ tó bá dárúkọ ẹ̀ ló ń tan ìyá ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi CorelDRAW ṣe jọ́tà? Ọ̀gá mi orí. Ó ní òun ti fi ọdún mẹ́jọ jẹun nínú iṣẹ́ yìí láìní i.

Ó tún mú ọ̀rọ̀ iná wá, ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń polówó láptọ́ọ̀pù géèmù kì í sọ. Ṣájà láptọ́ọ̀pù lásán, wáàtì 65 ni ọ̀pọ̀ wọn. Ti géèmù lè tó wáàtì 180 tàbí 230. Bátìrì ẹ̀ tó bá ń gbá bọ́ọ̀lù, wákàtí kan tàbí méjì báyìí, ó ti tán. Ibi tí Nẹ́pà ń gbé múná lọ bó ṣe wù wọ́n, jẹnẹrétọ̀ ni yóò máa bọ́ ọ, epo bẹntiróòlù sì ní iye tí wọ́n ń tà á. Bẹ́ẹ̀ ooru àti eruku kì í jẹ́ kó pẹ́.

"Ìwọ," ọ̀gá kọjú sí ọmọ, "ṣé tòótọ́ ni pé ìwé lo fẹ́ fi ṣe àbí bọ́ọ̀lù?"

"Ọ̀gá, ẹ má bínú sà. Méjèèjì ni."

Ìyá yẹ̀yẹ́ ẹ̀ títí, ṣùgbọ́n ọ̀gá ò bá a wí. Ó ní bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀ níjọ́ kìíní ni, ọ̀nà wà.

Ọjọ́ kẹta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọkọ̀ padà sí Ìkẹjà. Ọmọkùnrin tó ta i7 ọjọ́sí ò kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ wọ́n. Nígbà tí ọ̀gá bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní ₦120,000 lòun lè gbà á padà. Ìyá fi ọwọ́ lérí. ₦60,000 lọ báyẹn, láàárín ọjọ́ mẹ́ta, lórí ohun tí ẹnikẹ́ni ò lò! Wọ́n rojọ́, wọ́n bẹ̀bẹ̀, kò gbọ́. Wọ́n gba ₦120,000. Ó wá ku ₦390,000 lọ́wọ́ ìyá.

Láptọ́ọ̀pù ni ìyá àti ọmọ ṣì ń wò. Ọ̀gá ló ní kí wọ́n dúró ná. Ó bi ọmọ pé, "Ṣé o máa gbé e lọ bá oníbàárà nílé ni?" Ọmọ ní rárá, inú ṣọ́ọ̀bù lòun á máa jókòó sí. Ó ní kí ló wá dé tó fẹ́ sanwó ohun tí wọ́n ń gbé kiri? Èyí tí wọ́n ń gbé kalẹ̀, dẹ́sítọ́ọ̀pù, owó kan náà tí èèyàn bá mú síbẹ̀, agbára tó pọ̀ jù ló máa rí gbé. Gíláàsì ẹ̀ á fẹ̀, ojú ò ní máa ro onítọ̀hún. Bí nǹkan kan bá bàjẹ́, nǹkan yẹn nìkan ni wọn á pààrọ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé bí Nẹ́pà bá múná lọ lójijì, ó kú nìyẹn, iṣẹ́ tí wọn ò tíì tọ́jú á bá a lọ. UPS ni wọ́n fi ń dí ihò yẹn, kì í sì í ṣe pé UPS kékeré á gbé e fún wákàtí o. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kí èèyàn fi tọ́jú iṣẹ́, kó sì lọ fa okùn jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó bá ń gbé ibi tí iná ti burú jáì, tí kò sì ní jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà, láptọ́ọ̀pù ṣì ni kó rà. Ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ yìí fẹ́ gbà, sólà wà níbẹ̀.

Wọ́n rí ọ̀kan, tòkunbọ̀, i5-8500, 16GB RAM, SSD 256GB. Ẹni tó ń tà á ní òun ní tẹ́ẹ́rẹ́ àti gogoro, owó kan náà. Tẹ́ẹ́rẹ́ dára lójú, ọmọ ti nawọ́ sí i. Ọ̀gá ní gogoro ni. Ó rọra sọ ọ́ sí i létí pé àyè wà nínú gogoro, pé lọ́jọ́ tí òun fúnra ẹ̀ bá rówó, ó lè ra káàdì bíi GTX 1650, tí kì í jẹ ju wáàtì 75 lọ, kó kì í bọ ibẹ̀, kó sì máa gbá bọ́ọ̀lù ẹ̀. Ojú ọmọ tàn.

Ìgbà yìí ni ìyá aláta tó jókòó jẹ́ẹ́ wá fi ọjà han àwọn ọkùnrin méjèèjì. Ẹni tó ń tà á tan kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì, ó tẹ bọ́tìnì Windows àti R pọ̀, ó kọ dxdiag síbẹ̀, gbogbo orúkọ ohun tó wà nínú ẹ̀ jáde, RAM àti nọ́ńbà ìran, ó pé. Wọ́n ti fẹ́ sanwó. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun lọ mú èyí tó mọ́ ju èyí lọ wá láti sítọ́ọ̀, irú kan náà ni.

Ìyá ní, "Kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Èyí tá a dán wò yìí la fẹ́."

"Mọ́mì, ọ̀kan náà ni wọ́n."

"Ọmọ mi, Mile 12 ni mo ti ń ta ọjà. Tòmátò òkè apẹ̀rẹ̀ àti tìsàlẹ̀, tòmátò kan náà ni wọ́n."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì di èyí tí wọ́n dán wò fún wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá tìsàlẹ̀ ì bá burú. Ìyá ní kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún un tàn lẹ́ẹ̀mejì, kí ọmọ ṣí báánà tó gbé wá nínú fíláàṣì síbẹ̀. Ọ̀gá náà wò ó bóyá ó ní páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n fi tì í látìlẹ̀, torí ilé iṣẹ́ òyìnbó ló kọ́kọ́ lo ọ̀pọ̀ irú kọ̀ǹpútà yìí, àwọn mìíràn sì máa ń wá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ tí ẹni tó rà á ò lè ṣí. Kò ní. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù ni, wọn ì bá tún kọ powercfg /batteryreport kí wọ́n fi mọ iye tí bátìrì ń gbà nígbà tó wà ní tuntun àti iye tó kù tó ń gbà báyìí.

Kọ̀ǹpútà, ₦210,000. Gíláàsì ẹ̀, ₦75,000. UPS, ₦65,000. Kíbọ́ọ̀dù àti máòsì, ₦10,000. Ìyá gba rìsíìtì, ó ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà ara kọ̀ǹpútà àti ọjọ́ tí wọ́n lè dá a padà sí i. Ó ku ₦30,000, òun ni wọ́n fi kún owó ìrẹsì fíríìdọ̀mù.

Fíríìdọ̀mù ti kọjá báyìí. Ọ̀gá gbàdúrà, wọ́n jẹ, wọ́n mu, ọmọ ti wà ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀, iṣẹ́ sì ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìyá ò gbàgbé ₦60,000 yẹn o. Ó ní ọmọ ló jẹ gbèsè ẹ̀, torí bó bá ti sọ òótọ́ nígbà tóun bi í, òun ò ní dá lọ sí Ìkẹjà. Ọmọ náà ò bá a jiyàn. Ó ti san ₦40,000. Ihò tí wọ́n ń ki káàdì gíráfíìkì sí nínú kọ̀ǹpútà gogoro yẹn ṣì ṣófo, ó sì dà bíi pé yóò ṣófo títí ₦20,000 tó kù yóò fi dé Mile 12.